Ẹ Rán Ẹsẹ̀ Yín Níṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Kámẹ́rà Kékeré àti Ìrìn Ọ̀nà Oko

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, wọn yóò sì bèèrè pé kí ni ó kan nọ́ọ̀sì dísípẹ́ńsárì nínú fọ́tò yíyà. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí ná. Ohun tí mo ní í sọ kò ju èyí lọ: ẹni tí dókítà bá ní kí ó máa rìn, tí kò sì rí ìdí tí yóò fi máa rìn, kí ó wá kámẹ́rà kékeré kan tí ń wọ àpò, kí ó sì máa gbé e lọ sí ọ̀nà oko. Kámẹ́rà náà yóò rán ẹsẹ̀ níṣẹ́, iṣẹ́ ẹsẹ̀ yóò sì di oògùn fún ara. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kan náà lè gbé ènìyàn ṣubú bí a kò bá mọ̀ ọ́n lò, nítorí náà n ó sọ ti oore rẹ̀, n ó sì sọ ti ewu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wa ń rí lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù jókòó láti aago 8 àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Akọ̀wé jókòó sídìí tábìlì. Awakọ̀ jókòó sídìí ọkọ̀. Ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ wa tí a sì wọn ìfúnpá wọn, a ó rí 140 lé 90, a ó rí 160 lé 100, ti ẹlòmíràn a tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni orí kò fọ́ wọn, ara kò sì ro wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ẹ̀jẹ̀ ríru wà: kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ mọ̀ pé ó wà nínú ilé ni ọjọ́ tí apá àti ẹsẹ̀ kan rọ, tí ẹnu sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Dókítà a máa sọ nǹkan mẹ́ta fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀: ẹ máa lo oògùn yín, ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ máa rìn. Wọn a ra oògùn. Àwọn mìíràn a gbìyànjú lórí iyọ̀. Ṣùgbọ́n ti ìrìn yìí ni kò wọ̀ wọ́n létí. Bí mo bá bi wọ́n léèrè, èsì tí wọ́n ń fún mi ni pé, "Nọ́ọ̀sì, ibo ni ẹ ní kí n rìn lọ? Ta ni mo fẹ́ lọ kí?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan a máa pe èyí ní ìwà ọ̀lẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó ń gbé àpò ìrẹsì sókè sódò ní ọjà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé a kò tọ́ wa dàgbà láti máa rìn lásán. Àwọn bàbá wa rìn lọ sí oko, àwọn ìyá wa rìn lọ sí odò àti sí ọjà ọlọ́rùn-ún, iṣẹ́ ni ó gbé ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tí ó bá ń rìn káàkiri láìní ibi tí ó ń lọ, àwọn ará àdúgbò yóò bi í bóyá kò sí nǹkan. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ àwa ará ìlú ńlá tún máa rìn, a ní láti wá iṣẹ́ tí a ó rán an. Èyí ni mo fi ń sọ ti kámẹ́rà.

Ìrìn mélòó ni ó tó? Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ ọ́ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, ní ìwọ̀n tí kò le jù. Bí a bá pín 150 sí ọjọ́ 5, ìṣẹ́jú 30 ni lójúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìrìn yín yá tó, ẹ wò ó bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí èémí kò jẹ́ kí ẹ lè kọrin. Àwọn oníwàádìí ti rí i pé ẹni tí ó bá ń rìn déédéé, nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá rẹ̀ a máa wálẹ̀ ní nǹkan bí 4. Ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀. Èrè ni èyí lórí ohun tí oògùn ń ṣe, ìrìn náà sì tún ń ran ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ lọ́wọ́, ó ń mú kí oorun dùn, ó sì ń gba oríkèé ara lọ́wọ́ líle. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o: ìrìn kò rọ́pò oògùn. Ẹni tí ó bá ju oògùn rẹ̀ nù nítorí pé ó ti ń rìn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Kí ni ti kámẹ́rà nínú èyí? Ẹni tí ó ń rìn nítorí ìlera nìkan, aago ni yóò máa wò. Ẹni tí ó ń wá ohun tí yóò yà, iwájú ni yóò máa wò. Ó rí ìtẹ́ ẹ̀gà tí ó rọ̀ sórí ọ̀pẹ, ó fẹ́ súnmọ́ ọn. Ó rí àwọn lékèélékèé tí wọ́n ń tẹ̀lé màlúù, ó ní kí òun dé ọ̀ọ́kán yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ya òdòdó, ó tún dìde. Kí ó tó mọ̀, ìṣẹ́jú 50 ti lọ, kò sì rẹ̀ ẹ́. Ojú tí ó ti ń wo ìwé àti fóònù láti ọjọ́ Ajé wo ọ̀nà jíjìn, ó sì sinmi.

Àwọn àgbà inú wa yóò rántí pé nígbà kan, ọ̀dọ̀ fọtogíráfà ni a ń lọ. A ó wọ aṣọ, a ó jókòó gan-n-gan sórí àga, a kò ní rẹ́rìn-ín. Ní òkè òkun, ní ọdún 1900, iléeṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà ṣe kámẹ́rà onípáálí kan tí wọ́n pè ní Brownie, dọ́là 1 péré ni wọ́n ń tà á, láti ìgbà náà ni ẹni tí kì í ṣe fọtogíráfà ti ń ya fọ́tò ara rẹ̀ níta gbangba. Èyí tí ó wà lóde òní kéré ju ìdì ọ̀ṣẹ lọ, kò sì nílò fíìmù mọ́. Láti ìgbà tí fóònù ti gbòde, ọ̀pọ̀ irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí a sọ sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ wò yíká ilé yín, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ rà, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé agbára dúró ti tó. Ẹ yan èyí tí ó ní okùn ọrùn ọwọ́, tí ó sì lè fa ohun ọ̀ọ́kán mọ́ra, nítorí ìdí tí n ó sọ láìpẹ́.

Ẹnìkan yóò ní, "Ṣé fóònù mi kò tó ni?" Ó tó, bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ẹ ní. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kámẹ́rà sàn jù ú lọ fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá gbé fóònù dání, gbogbo ilé ni ẹ gbé dání. Onígbèsè yóò pè, oníbàárà yóò pè, ìjà ẹbí yóò bá yín dé abẹ́ igi ìrókò. Ẹsẹ̀ wà lóko, ọkàn wà lọ́jà. Kámẹ́rà kì í pe ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì lè pè yín lórí rẹ̀. Ẹ fi fóònù sínú àpò nítorí ọjọ́ ìṣòro, kí ẹ sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Bàbá aránṣọ kan wà tí wọ́n ń wá sí ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti lé ní 60 ọdún. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń sọ ti ìrìn fún wọn. Nígbà tí ọmọ wọn fún wọn ní kámẹ́rà kékeré kan tí kò lò mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn igi àràbà tí ó wà lọ́nà abúlé wọn. Láàárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n ń rìn yíká àdúgbò, wọ́n ń ya àwọn ilé àtijọ́ tí a ń wó. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìfúnpá wọn tí ó ti wà ní 164 lé 100 wá sí 142 lé 88. N kò ní parọ́ fún yín: oògùn tí wọn kì í lò déédéé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń lò déédéé, apá tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ni ó mú wọn yí padà, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ wà láyé títí n ó fi ya àràbà tó kù tán." Ẹni tí ó bá ní ohun tí ó ń retí a máa rántí oògùn rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ewu, nítorí kò yẹ kí nọ́ọ̀sì yin oògùn láìsọ ìwọ̀n rẹ̀.

Èkínní ni ọ̀rọ̀ ojú àti ẹsẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹni tí ó gbé kámẹ́rà sójú ti gba ìṣọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, òfin kan ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ sórí: ẹ dúró kí ẹ tó yà, ẹ gbé kámẹ́rà kúrò lójú kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fẹ̀yìn rìn láéláé nítorí pé ẹ fẹ́ kí gbogbo ènìyàn wọ inú fọ́tò. Àpáta tí omi ń ṣàn lórí rẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ń yọ̀ bí ọṣẹ. Òkè Ìdànrè ní àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600, kò sì sí èyí tí a lè gùn láìwo ilẹ̀. Fọ́tò tí a fi ọwọ́ ara wa ya ara wa létí ọ̀gbun, tí a kẹ́yìn sí ọ̀gbun náà, ti pa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ káàkiri àgbáyé. Kò sí fọ́tò tí ó tó egungun ìbàdí.

Èkejì ni ejò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé láàárín 81,000 sí 138,000 ènìyàn ni ejò ń pa lọ́dọọdún láyé, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn àrùn tí a pa tì ní ọdún 2017. Paramọ́lẹ̀ kì í tètè sá fún ẹsẹ̀ ènìyàn. Ó máa ń sùn sójú ọ̀nà, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ewé gbígbẹ. Ẹ wọ bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn. Ẹ má ṣe ti ọwọ́ bọ ihò tàbí abẹ́ igi tí ó wó nítorí fọ́tò. Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ wá kámẹ́rà tí ń fa ohun ọ̀ọ́kán mọ́ra: ẹ óò lè dúró lókèèrè. Bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ, wàrà-wàrà là ń yọ oró iná. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti bàtà kúrò ní apá tàbí ẹsẹ̀ náà. Ẹ fi igi tẹ́ ẹ kí ó má ṣe mì, ẹ gbé onítọ̀hún, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rìn, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn ńlá tí ó ní abẹ́rẹ́ oró ejò lọ. Ẹ má ṣe fi abẹ gé e, ẹ má ṣe fẹnu fà á, ẹ má ṣe fi okùn dì í pinpin, ẹ má ṣe fi òkúta dúdú lé e. Ẹ má ṣe lé ejò náà kiri. Bí ó bá ṣì wà níbi tí ẹ ti lè yà á láti òkèèrè láìfi àkókò ṣòfò, fọ́tò náà lè jẹ́ kí dókítà mọ irú ejò tí í ṣe.

Ẹ̀kẹta ni omi. Fọ́tò odò dára, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bọ́ sínú odò tí ń ṣàn pẹ̀lẹ́ tàbí adágún nítorí rẹ̀. Ìgbín kéékèèké ń gbé inú irú omi bẹ́ẹ̀, ara wọn ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń jáde, a sì máa gba awọ ara wọlé. Ọmọ tí ó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Oògùn wà fún un.

Ẹ̀kẹrin ni oòrùn àti ẹ̀fọn. Inú mi dùn pé àkókò tí fọ́tò máa ń dára jù náà ni ara máa ń gbádùn ìrìn jù, ìyẹn ni òwúrọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sán gangan, òjìji a dúdú, orí a sì gbóná. Ẹ mú omi dání, ẹ dé àkẹtẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tí ń gbé ibà ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, nítorí náà òwúrọ̀ ni èmi fara mọ́. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo ojú ọ̀run, kí ẹni tí ó ní ásímà ya ti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀rọ̀ ènìyàn. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọ̀nà kan ní ilẹ̀ wa lóde òní. N kò ní sọ pé kí ẹ lọ fi ara yín wewu. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ lọ ní ẹgbẹ́, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ kí ẹ tó wọ ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí ará ilé mọ ibi tí ẹ lọ. Ibi tí ó ní ẹnubodè àti olùṣọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Àwọn ará Ìbàdàn ní ọgbà Agodi. Àwọn ará Èkó ní ọgbà ìdáàbòbò ẹranko ní Lekki, tí ó ti wà láti ọdún 1990, tí a sì ṣe afárá orí igi tí ó gùn tó mítà 401 sí. Kìkì pé kí ẹ di kámẹ́rà yín mú, nítorí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀. Àwọn ará Òṣogbo ní igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo àgbáyé ní ọdún 2005. Níbẹ̀, ẹ bèèrè ohun tí a lè yà àti èyí tí a kò gbọ́dọ̀ yà. Ẹ má ṣe ya àgbẹ̀ lóko láìkí i, láìtọrọ àyè. Ẹ má sì ṣe kọjú kámẹ́rà sí bárékè ológun.

Àwọn kan wà tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà: ẹni tí àyà ń dùn bí ó bá ń rìn, ẹni tí èémí rẹ̀ kì í tó, ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti kọjá 180 lé 110. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ ní láti yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò bí ó bá ti dé ilé, nítorí ìṣó tàbí ẹ̀gún lè wọ ibẹ̀ kí ó má mọ̀ ọ́n lára.

Ó ku ohun kan tí ń bí mi nínú díẹ̀. Mo ti rí àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Olúmọ tàbí Ìkogòsì. Bọ́ọ̀sì gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n ya fọ́tò 100, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bọ́ọ̀sì gbé wọn padà. Wọ́n fi fọ́tò han gbogbo ayé pé àwọn lọ. Irú èyí, kámẹ́rà ni ó rìn, ẹsẹ̀ kò rìn. Ṣúgà tí wọ́n mú wálé pọ̀ ju èyí tí wọ́n gbé lọ. Bí a kò bá ṣọ́ra, ohun tí a fẹ́ fi ṣe oògùn ni a ó sọ di àríyá mìíràn. Ẹsẹ̀ ni ọ̀gá, kámẹ́rà ni ọmọ iṣẹ́. Fọ́tò mẹ́ta tí a fi ìrìn wákàtí kan wá níye lórí ju 100 tí a yà lẹ́nu ọ̀nà mọ́tò.

Nítorí náà, ẹ̀yin baálé ilé àti ìyá ilé, ní Sátidé tí ń bọ̀ yìí, ẹ dìde ní aago 6:30. Ẹ lo oògùn yín, ẹ jẹun díẹ̀, ẹ mú omi, ẹ pe ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ kan dání. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 15 lọ, 15 bọ̀. Ẹ ya ohun mẹ́ta péré, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà àti iye ìṣẹ́jú tí ẹ rìn sínú ìwé kékeré kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 kún un. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá wọn ìfúnpá, ẹ mú ìwé náà wá, kí ẹ sì mú fọ́tò wá pẹ̀lú, ẹ óò fi hàn mí.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ná. Ire o.